Ìrìn Méjì Tí Bàbá Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ

Orí àga onígbàjámọ̀ ni Bàbá àgbà mi dákẹ́ sí, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní Chatham, àdúgbò wa ní Ṣikágò níbí, pẹ̀lú ìdajì orí ní gígẹ̀ àti ìdajì tí kò tíì rí abẹ. Èmi ni mo gbé wọn lọ síbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń ka ìwé ìròyìn àná. Onígbàjámọ̀ náà, ọmọ dúdú Amẹ́ríkà kan tó ti ń gẹ irun wọn bọ̀ láti ọdún pípẹ́, pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá ti sùn." Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n sùn díẹ̀, oorun dára fún àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣí ìwé ìròyìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, mi ò mọ̀. Nígbà tí mo wá mọ̀, ẹ má bèèrè ohun tí mo ṣe. Mo sáré jáde sójú títì láì wọ kóòtù, mo fi Bàbá sílẹ̀ fún onígbàjámọ̀. Òun ló parí orí náà. Ó ní òun ò lè jẹ́ kí Mísítà Bùràímọ̀ wọ ilẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ òun lójú ọ̀nà.

A kirun sí wọn lára lọ́jọ́ kejì, a sin wọ́n. Ẹ̀yin ará ilé ní Ìwó wá kọ̀wé sí mi pé kí n kọ ìtàn ayé wọn ránṣẹ́, kí ẹ lè kà á níbi àdúrà ogójì ọjọ́. Ẹ ṣàánú mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ọkọ̀ takisí ni mò ń wà ní Ṣikágò. Ìtàn ayé pọ̀ ju ọwọ́ mi lọ, àyà mi náà ò sì tíì padà sípò rẹ̀. Ohun tí mo lè kọ ni ìwọ̀nba tí ojú mi rí ní ilé tí èmi àtàwọn jọ gbé.

Ẹ mọ̀ pé rélùwéè ni Bàbá ṣe kí wọ́n tó bá ọkọ̀ ojú omi wá síbí. Rélùwéè náà ni wọ́n tún ṣe ní Ṣikágò títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọn ò wa ọkọ̀, wọn ò gba tíkẹ́ẹ̀tì. Wágọ̀nù ẹrù tí ọkọ̀ ojú irin ń fà ni wọ́n ń tò. Wọ́n á dúró ní yáàdì, wọ́n á wo wágọ̀nù rẹpẹtẹ, wọ́n á sọ èyí tó yẹ kó wà níwájú àti èyí tó yẹ kó wà lẹ́yìn, kí èyí tí wọ́n máa já sílẹ̀ ní ìlú àkọ́kọ́ má lọ há sí àárín.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Bàbá, kó bá wọn kó ẹrù sí búùtù mọ́tò. Lọ́jọ́ kan, a jáde ní ṣọ́ọ̀bù, yìnyín ń bọ́ lé wa lórí, mo ju gbogbo ẹrù sínú búùtù, mo pa á dé. Bàbá ò wọlé. Wọ́n dúró ti búùtù.

"Ràímì, tí a bá délé, kí la máa kọ́kọ́ gbé jáde?"

"Ẹja ni, Bàbá. Kó má baà yọ́."

"Ibo lẹja wà?"

"Ó wà nísàlẹ̀. Ìrẹsì ló wà lórí ẹ̀."

"Ìrẹsì ló máa yọ́ ni?"

"Bàbá, nínú òtútù yìí, èmi gan-an ni mo máa dì kí ẹja tó yọ́!"

Wọ́n ní kí n kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kí n tún un tò. Inú yìnyín ni mo ti tò ó, etí mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi ohùn wọn: "Ohun tó máa kọ́kọ́ jáde ló ń wọlé kẹ́yìn."

Irú ọwọ́ yìí ló gbé wọn dé ibi tí ẹ ò ní gbà gbọ́. Lọ́dún tí olórí ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé àwọn máa kọ́ ilé kan sí òfurufú, ilé tí èèyàn á máa gbé inú rẹ̀ tí á sì máa yí ayé po, ọ̀gá ọ́fíìsì kékeré kan láàárín ìlú pe Bàbá lórí fóònù. Bàbá tó bí ọ̀gá yìí ti bá Bàbá ṣiṣẹ́ ní yáàdì. Ó ní ilé náà ò ṣeé gbé lọ lẹ́ẹ̀kan. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ló máa gbé e lọ ní wẹ́wẹ́, ìrìn kan tẹ̀ lé òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tìpà ṣe ń gbé yanrìn lọ síbi ilé kíkọ́. Ogún ìrìn ni. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ló ń ṣètò rẹ̀, iṣẹ́ ọ́fíìsì tiwọn ni láti yẹ̀ ẹ́ wò: kí ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, kí ló yẹ kó tẹ̀ lé e, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ọ̀kan ò bá dé. Ó fẹ́ ẹni tó mọ ẹrù ń tò. Ẹni náà gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú kó tó jáde.

Nígbà tí Bàbá sọ fún mi, tíì há mi lọ́fun.

"Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ò wọ bàálù rí láyé yín?"

Kẹ́ ẹ sì wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Èmi tí mo wọ bàálù, fìlà ni mo fi bojú láti Ìkẹjà títí dé Niu Yọ́ọ̀kì. Obìnrin tó jókòó tì mí rò pé mò ń ṣọ̀fọ̀, ó fún mi ní midinmíìdìn.

Bàbá wò mí títí. "Wọn ò ní kí n wọ̀ ọ́," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní kí n to ẹrù."

Láti ọjọ́ náà, a ò jẹun lórí tábìlì mọ́. Orí itan la ti ń jẹun. Agolo mílíìkì ni Bàbá fi ṣe yàrá ilé òfurufú náà, pẹ́ẹ̀gì aṣọ ni wọ́n fi ṣe irin rẹ̀, ṣúgà onígun ló dúró fún àwọn ẹ̀rọ. Gbogbo rẹ̀ wà ní ìlà ogún lórí tábìlì, ìlà kan fún ìrìn kan. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ṣúgà ti tán nínú agolo, mo bá mú ẹyọ méjì ní ìlà kẹrin, mo jù ú sínú tíì. Bàbá jáde láti yàrá.

"Ta ló mú nǹkan níbí?"

"Ṣúgà lásán ni, Bàbá."

"Ṣúgà lásán kọ́! Iná wọn lo mu yẹn!" Wọ́n wo inú ife mi bí ẹni tó ń wo kànga tí ọmọ jìn sí. "Àwọn èèyàn á wà nínú òkùnkùn lókè lọ́hùn-ún nítorí tíì rẹ."

Wọ́n máa ń bá èèyàn jà, ẹ jẹ́ n má parọ́. Ìjà tó gùn jù ni tiwọn àti Mísì Lọ̀rẹ́tà, akọ̀wé ọ́fíìsì náà, obìnrin dúdú Amẹ́ríkà tí ilé rẹ̀ ò jìnnà sí tiwa. Àyè kan wà nínú ìwé ètò náà tí wọ́n ti máa ń kọ iye èèyàn tó ń bá ìrìn kọ̀ọ̀kan lọ. Bàbá kì í kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mísì Lọ̀rẹ́tà á pè wọ́n lórí fóònù:

"Mísítà B, èèyàn mélòó ló ń lọ nínú ìrìn kẹrin?"

"Wọ́n pọ̀ tó."

"'Wọ́n pọ̀ tó' kì í ṣe iye."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn."

Òun ló máa ń bá wọn kọ ọ́. Bó bá ń kọ ọ́ lójú wọn, wọ́n á yíjú sí fèrèsé. Nígbà tó wá bi wọ́n pé irú kí lèyí, ìdáhùn wọn kò gùn: "Ẹrù ni tèmi láti kà. Èèyàn, Ọlọ́run ló ń kà wọ́n."

Mo fẹ́ sọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi báyìí, torí òun ló fa gbogbo ohun tó kù.

Ọ̀gá náà pe fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá wà lórí ìrun Àìlà. Ó ní kí n sọ fún wọn pé ìrìn kẹta ti wúwo jù, kí wọ́n yọ irin gígùn méjì kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n wá ibòmíràn fi wọ́n sí. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé, mo fi sórí tábìlì, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Bí mo ṣe kọ ọ́ rèé: "Oga ni ki e yo irin meji kuro, o ti wuwo ju."

Mi ò fi àmì kankan sí i. Mi ò fi àmì sí i rí láyé mi. Mo rò pé ìwé keje ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, èmi sì ti kúrò níbẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, orúkọ tí Bàbá ń pe gbogbo lílọ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ni ìrìn. Ìrìn kìíní, ìrìn kejì. Ohun tí wọ́n kà nínú ìwé mi ni pé kí wọ́n yọ ìrìn méjì.

Nígbà tí mo dé, wọn ò tíì jẹun.

"Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, Bàbá."

"Méjì?"

"Méjì."

"Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín ni?"

"Kò rẹ́rìn-ín o. Ó ní ó ti wúwo jù."

"Ó wúwo jù." Wọ́n mi orí. "Ẹ̀mí èèyàn ti wá wúwo jù."

Mi ò mọ ibi tí ẹ̀mí èèyàn ti wọ ọ̀rọ̀ irin, ṣùgbọ́n ojú wọn ò ṣeé bi ní ìbéèrè. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń tú ṣúgà, tí wọ́n ń tún un tò. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin wọ́n pè mí sí tábìlì. Wọn ò dárúkọ ìrìn, wọn ò dárúkọ irin, "méjì" ni wọ́n ń sọ ṣáá.

"Yọ méjì nínú àwọn ìlà yìí. Èyíkéyìí tó bá wù ẹ́."

Mo yọ méjì tó kẹ́yìn. Mo rò pé ìparí ò lè léwu.

"O ti pa wọ́n. Ibẹ̀ ni àfikún omi wọn wà."

Mo dá ìyẹn padà, mo yọ kẹrin àti karùn-ún.

"O tún ti pa wọ́n. Òkùnkùn."

Mo yọ kẹsàn-án.

Bàbá fi ìka kan àyè tí mo ti yọ ọ́. Wọ́n wá sọ fún mi pé ìrìn kẹsàn-án ló gbé ọkọ̀ àsálà, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n máa so mọ́ ilé náà, kó lè jẹ́ pé bí iná bá sọ, tàbí bí àìsàn bá gbé ẹnìkan ṣánlẹ̀, wọ́n á bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n á padà sílé. Ìrìn kẹwàá ni àwọn èèyàn máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó: ọ̀nà àtibọ̀ ṣáájú onílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò sì tíì fọ ẹnu.

Bàbá kọ lẹ́tà. Wọ́n ní kí n gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n sì ní kí n bá wọn gòkè, kí n lè jẹ́rìí. Inú mọ́tò ni mo máa ń dúró, torí àjà kejìlélógún ni ọ́fíìsì náà wà, èmi àti òkè ò sì rẹ́. Nínú lífíìtì, mo di ògiri mú gírígírí, bí ẹni pé ògiri náà ò bá wa gòkè. Bàbá dúró ní tiwọn bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ní ibùdó.

Ọ̀gá ka lẹ́tà. Bàbá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò ní buwọ́ lu ètò tó jẹ́ ìrìn méjìdínlógún.

"Mísítà B," ọ̀gá ní, "ta ló sọ méjìdínlógún fún yín?"

Bàbá na ọwọ́ sí mi. Wọ́n yọ àpòòwé jáde. Mo kà á síta, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, mo fi èyí tí mi ò kọ síbẹ̀ kún un: irin gígùn méjì, ìrìn kẹta. Bàbá yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀.

"Irin?"

"Irin ni, Bàbá."

"Kì í ṣe ìrìn?"

"Irin ni. Irin tó le."

Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, mo wá rántí pé àjà kejìlélógún la wà, mo yára fagi lé àdúrà náà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé gbogbo wa la máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mísì Lọ̀rẹ́tà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ìwé ọ̀hún ti ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ńlá wá, òun àti Mísì Lọ̀rẹ́tà nìkan ló rí i. Wọ́n ní kí ìrìn di méjìdínlógún. Kí èèyàn máa gbé ibẹ̀ láti ìrìn kẹjọ. Kí ọkọ̀ àsálà di ìrìn tó kẹ́yìn.

Ọ̀gá kọjú sí mi, ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?" Èmi! Amí! Èmi tí mi ò lè gun àkàbà kí n pààrọ̀ gílóòbù! Mo búra fún un ní Yorùbá, mo búra ní Gẹ̀ẹ́sì, mo búra ní ìwọ̀nba Lárúbáwá tí mo ní.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un," Bàbá ní. "Àìfàmìsọ́rọ̀ ló sọ fún un." Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní nínú Gẹ̀ẹ́sì, iye yẹn dá dúró fúnra rẹ̀, èèyàn lè pè é kó má ro nǹkan kan. Wọ́n ní ní èdè tàwọn, kò ní orúkọ tara rẹ̀. Méjì-dín-lógún ni. Ẹni tó bá pè é ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé méjì ò sí níbẹ̀.

"Ó yá," ni wọ́n wí. "Méjì wo lẹ dín?"

Ọ̀gá dá ìwé náà padà sínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tó yá, ó ní ẹlòmíràn lè buwọ́ lù ú.

"Kó buwọ́ lù ú. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n máa kà."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ́fíìsì ní kí Bàbá lọ sinmi nílé. Ẹ jẹ́ kó yé yín: wọn ò ní iṣẹ́ mìíràn láyé mọ́. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń jí sí. Mo bẹ̀ wọ́n nínú mọ́tò pé kí wọ́n sáà buwọ́ lù ú. Mo ní àlejò la jẹ́, mo ní ìwé ìgbélùú tèmi ò tíì pé, mi ò fẹ́ kí òyìnbó kankan rántí orúkọ ìdílé wa. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ìwé tìẹ ò pé, o ṣì ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí tàwọn tó ń lọ sókè ò bá pé, ibo ni wọ́n máa sùn?"

Ìgbà òtútù yẹn náà, ní oṣù kìíní ọdún, láàárọ̀, a wà nídìí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì gòkè pẹ̀lú èèyàn nínú rẹ̀, tó sì fọ́ lójú ayé. Búrẹ́dì wà lẹ́nu mi. Mi ò gbé e mì, mi ò tu ú. Èéfín ń lọ sọ́tùn-ún, èéfín ń lọ sósì, mo ṣì ń wá ibi tí ọkọ̀ náà máa ti yọ jáde. Ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n ń sọ iye tí wọ́n jẹ́, ó ń tún un sọ.

"Pa ohùn rẹ̀," Bàbá ní. "Wọ́n ń kà wọ́n."

Agolo mílíìkì wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó lè wo ọ̀nà ibẹ̀.

Ní ọjọ́ Jimọ̀, nínú gbọ̀ngàn tí àwa Mùsùlùmí Nàìjíríà ń háyà ní àdúgbò Edgewater, àwọn èèyàn rọ̀ yí Bàbá ká. Mo ti ròyìn ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kiri, ẹnu mi ni kò gbé ilé. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ̀yin ti rí i! Ẹ kọ̀, ẹ ò buwọ́ lù ú! Ọlọ́run ló fi hàn yín!" Ọkùnrin kan ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àdúrà. Mi ò rí Bàbá kí wọ́n bínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn ń lu ilẹ̀.

"Ẹ dìde! Mi ò rí ìran kankan! Ọ̀rọ̀ ilé ni mo sọ, ọkọ̀ ló jóná, mi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀." Ohùn wọn wá já. "Ẹ má fi òkú ọmọ ọlọ́mọ yìn mí."

Lẹ́yìn náà, gbogbo ètò dàrú. Ó lé ní ọdún kan kí ọ̀gá tó wá kan ilẹ̀kùn wa. Kò pè wá lórí fóònù, òun fúnra rẹ̀ ló wá, ní ọjọ́ Jimọ̀, ọjọ́ mẹ́rin péré ṣáájú Ìṣẹ́gun tí Bàbá dákẹ́ sórí àga onígbàjámọ̀. Ó ní ẹrù tí rọ́kẹ́ẹ̀tì máa gbé lẹ́ẹ̀kan ti dín kù, torí náà ìrìn ti ju ogún lọ. Ó ní wọ́n ti tún gbogbo rẹ̀ tò. Ó fi ìwé náà sáàárín agolo àti ṣúgà, ó ní òun ò fẹ́ kó jáde láìjẹ́ pé Bàbá rí i.

Ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Èmi ni mo kà á fún wọn.

"Ìrìn kẹfà?"

"Ọkọ̀ àsálà, Bàbá."

"Tún un kà."

"Ọkọ̀ àsálà. Ìrìn kẹfà."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń wọlé?"

"Kẹjọ."

Wọ́n yíjú sí ọ̀gá. "Bí ìrìn keje bá lọ, tí òmíràn ò wá mọ́ láéláé ńkọ́?"

"Wọn ò tíì wọlé nígbà náà," ọ̀gá ní.

"Bó bá jẹ́ ìkẹjọ ló kẹ́yìn?"

"Wọ́n á padà sílé."

"Kí ni wọ́n máa wọ̀ bọ̀?"

"Ó ti ń dúró dè wọ́n níbẹ̀, Mísítà B."

Bàbá ní kí n bá wọn fi ìka sí ibi tí àyè ìbuwọ́lùwé wà. Wọ́n buwọ́ lù ú. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí sí yín, ìrìn kìíní pàápàá ò tíì gbéra, mi ò sì mọ̀ bóyá yóò gbéra lójú ayé tèmi. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tó yà mí lẹ́nu ju rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ: ọwọ́ Bàbá gbọ̀n. Lẹ́tà orúkọ wọn wọ́ bí ipa ọ̀nà èèrà. Bàbá tó dúró láàárín wágọ̀nù ní gbogbo ayé wọn, tí wọn ò di ògiri lífíìtì mú. Mo sin ọ̀gá jáde, mo padà wọlé.

"Bàbá, ọwọ́ yín gbọ̀n."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù! Ẹ̀yin! Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè mí sí iṣẹ́ náà. Kò sí ọjọ́ tí kò bà mí."

Mo jókòó. Mo ti rò pé èmi nìkan ni ojo inú ilé náà. Mo ní, "Báwo wá lẹ ṣe ń ṣe é? Èmi, bí ẹ̀rù bá bà mí, mo máa ń sá ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n na ọwọ́, wọ́n tọ́ agolo kan tó ti yẹ̀ lórí tábìlì padà sí ìlà.

"Ibi tó ti bà mí jù," ni wọ́n wí, "ibẹ̀ ni mo fi ọkọ̀ àsálà sí."